Àpótí Tó Ń Ba Ohùn Jẹ́

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde nínú wáyálẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi dán mi wò dà bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láàrin rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tó ń pè mí láti òdìkejì odò. Ìgbà náà ni wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, tí àárín Ìbàfò sí Mòwé ṣì jẹ́ oko àti igbó. Mo ti jáde ilé-ìwé gírámà, mo sì ti jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Bàbá mi ní bí n kò bá ríṣẹ́ kí oṣù náà tó parí, kí n di ẹrù mi lọ bá àbúrò òun obìnrin tó ń ta gààrí ní Ìfọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ, ìwé tí mo kà ti parí síbẹ̀.

Àgọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán lórí wáyálẹ́ẹ̀sì, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ló ń dán wa wò. Ó ní àpótí irin kan tó ní kókó mẹ́rin tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Iṣẹ́ àpótí náà kò ju kó ba ohùn jẹ́ lọ: kókó kan ń kó ariwo wọ inú rẹ̀, èkejì ń sọ ọ́ di gbohùngbohùn, ẹ̀kẹta ń mú un rẹlẹ̀, ẹ̀kẹrin ń gé e pátápátá. Wáyálẹ́ẹ̀sì tí ọ̀rọ̀ bá ṣì yé nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń gbé lọ sí igbó Ọ̀fàdà nígbà òjò. Bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ wò náà ni wọ́n ń dán etí ènìyàn wò.

Bàbá náà wọ yàrá kejì, ó sọ̀rọ̀ gba inú àpótí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa: kí wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró ní aago méjì, wọ́n fẹ́ fọ́ òkúta. Mo tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bàbá jáde, ó wo ìwé náà títí.

"Ta ló sọ aago méjì fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Mo gé ohùn mi níbẹ̀ ni. N kò dárúkọ aago kankan."

"Aago méjì ni wọ́n sábà máa ń fọ́ ọ, sà."

"Háà! A ti rí aríran. Kí ni a tún ń fi wáyálẹ́ẹ̀sì ṣe?" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Bó bá jẹ́ aago kan ni wọ́n fọ́ ọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò ní kí n tún un sọ?"

Ní ilé wa, ọmọ tó bá bi àgbà pé "kí lẹ wí?" kò lẹ́kọ̀ọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Èmi ọmọlúwàbí ti sọ àbọ̀ di odidi, mo sì ti fi rúlà fa ìlà sí i.

"Padà wá lọ́la," ni bàbá wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó yí àwọn kókó náà débi tó le jù. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì pòórá. Mo tẹ bọ́tìnnì: "Ẹ forí jì mí, sà. N kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ, ó tún pòórá. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Mo rò pé ó ti parí fún mi.

"Ó tó! Ohùn mi fẹ́ há," ni bàbá wí. Ó wá wo ilẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dìde jàre, ìwọ tó ń kúnlẹ̀ fún wáyálẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ Ajé ni kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé wa ní Ìbàfò ni mo fi ń rẹ́rìn-ín, tí omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ilé ti bo gbogbo igbó náà báyìí, fóònù sì wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Bí àwọn ọmọ mi bá pè mí tí ohùn wọn gé, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní etí ìyá àwọn ti ń di. N kì í bá wọn jiyàn. Etí mi ń gbọ́ dáadáa. Ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ ni n kì í fi tèmi dí mọ́.