Bàtà Tí Má-Mú-Irin-Wá Wọ̀

Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́ rọ. Mo wà níbẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí ṣọ́bìrì tèmi nìkan kó lọ́jọ́ náà ju ti ogún géńdé lọ.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Má-Mú-Irin-Wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá páìpù omi lábẹ́ títì. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni, èmi tí n kò wọ yunifásítì ni kí ẹ bi: ilẹ̀ ní òòfà tirẹ̀, irin tó bá rì sínú rẹ̀ a máa da òòfà náà rú, ẹ̀rọ ọ̀hún a sì ké. Etí ẹ̀rọ náà mú débi pé ó lè gbọ́ abẹ́rẹ́ nínú àpò ẹni tó wà lẹ́yìn òkè. Ẹni tó bá gbé e kò gbọdọ̀ ní irin lára. Bọ́tìnnì igi ló wà lára ẹ̀wù obìnrin yìí, okùn ló sì fi ń so ṣòkòtò.

Agbọ́n, mẹkáníìkì ẹlẹ́nu mímú, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó wa, eyín mi kan wà tí wọ́n fi irin dì. Ṣé kí n tu ú dànù?"

"Tu ú, tàbí kó o gbé ẹnu ẹ kúrò níbí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ ṣáá, òkè ya lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó bo ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ọkọ Má-Mú-Irin-Wá ló ń wà á. Bí ariwo ti dé ilé, obìnrin náà gbé ẹ̀rọ, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré lọ síbi tí òkè ti ya.

Gbogbo ibi tó tẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ké.

"Ẹ gbẹ́ ibí!" A gbẹ́ ẹ. Òfo.

"Ẹ gbẹ́ ọ̀hún!" Òfo.

Ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí Agbọ́n tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, bàtà ta lo wọ̀ yẹn?"

Bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi irin sí nímú. Omi òjò ti wọ inú rẹ̀ láàárọ̀, ni ọkọ bá fi í sílẹ̀, ó wọ sálúbàtà lọ.

Agbọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fà á yọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Obìnrin náà tún gbé ẹ̀rọ. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ títí, àfi ìgbà tó dé ìtòsí ibi tó ti kọ́kọ́ dúró láàárọ̀. Ibẹ̀ ló ti ké.

Ṣọ́bìrì wa kan ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gíláàsì kò fọ́. Ọkùnrin náà jókòó sídìí ìwakọ̀, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Atẹ́gùn ló tán tó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́rùn.

"Ara ẹ̀ ṣì gbóná," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó lọ bá Agbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wà láàyè. Abẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni bàtà náà wà dòní: kò sọ ọ́ nù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́.