Ohun tí ẹ̀rọ ìfúnpá Màmá fi pamọ́

Inú ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù ni mo ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá sí láràárọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, wọ́n sì gbà mí láti máa tọ́jú wọn nínú ilé wọn ní Festac. Kíláàsì kejì girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kíkọ nọ́ńbà ò ṣòro fún mi. Màá di aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá Màmá, màá tẹ bọ́tìnì, aṣọ náà á fẹ́, á rọ̀, màá sì ka nọ́ńbà méjì tó bá jáde.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀, ọgọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún ló jáde, ó ga jù. Bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́, Màmá gbé ọwọ́ lé ìwé náà. Wọ́n ní àwọn ti gba ìwòsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìròyìn burúkú tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ti gbà á nìyẹn.

“Kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ìgbàgbọ́ la fi ń kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. N kì í lè wo àgbà lójú kí n sọ pé rárá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà míì mo máa ń fi ẹyọ kan tàbí méjì lé e, kó má baà jọ irọ́.

Àǹtí, àbíkẹ́yìn Màmá, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé, ló ń ya fọ́tò ìwé mi ránṣẹ́ sí dókítà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n bá mi ní kíṣìnnì, wọ́n ní dókítà fẹ́ dín oògùn Màmá kù sí ìdajì.

“Ìwọ lo ṣe é o,” ni Àǹtí wí. “Ìwé ẹ mọ́ ju ti nọ́ọ̀sì lọ.”

Mo tún abọ́ tí mo ti fọ̀ fọ̀. Àǹtí ní dókítà kàn fẹ́ kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ máa ń rántí nǹkan. Agbára káká ni mo fi sùn lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, mo ti ọjà Agbójú dé, mo bá ẹ̀rọ náà lórí tábìlì, wọ́n ti fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Màmá jókòó lórí àga wọn, Bíbélì wà lórí itan wọn. Àǹtí ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìkan ni ètò tó bá ẹ̀rọ náà wá ń bá ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń kọ ètò tàwọn fúnra àwọn. Wọ́n ní gbogbo ohun tó bá ń lo USB ló ní nọ́ńbà méjì, ti iléeṣẹ́ tó ṣe é àti tirẹ̀, bí ilé wa ṣe ní nọ́ńbà áfẹ́níù àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ méjèèjì á kan ilẹ̀kùn.

Ohun tí wọ́n kọ ò ju ogún ìlà lọ. Mo dá díẹ̀ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ láti ilé ìwé: wá, ṣí, kà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun rí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n òun ò ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ nínú mi. Àǹtí pòṣé, wọ́n fi ìlà kan kún un, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn.

Àwọn nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ọjọ́, aago, ìfúnpá, bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá ya. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo ti parọ́ wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọ nù. N kò lè gbé àpò ata sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àǹtí ṣí ìwé búlúù náà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

“Ṣé ojú àlá lo ti ń kọ nọ́ńbà ni? Kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́?”

Mo wo Màmá. Màmá ṣí Bíbélì wọn sí ojú ewé míì. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ti ẹ̀rọ lọ. Àǹtí ní kí n lọ di ẹrù mi. Mo ti yí padà nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ní kí n dúró.

Ìka wọn wà lójú kọ̀ǹpútà. “Sátidé tó kọjá, aago mẹ́wàá ààbọ̀. Wọ́n lo ẹ̀rọ yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan. Sátidé tó ṣáájú ìyẹn náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ṣé ọjà kọ́ lo máa ń wà?”

Mo ní ọjà ni. Àǹtí náà máa ń wà níbi ìdánrawò akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní irú àsìkò yẹn, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn ò lọ. Màmá nìkan ló máa ń wà nílé.

Àǹtí yíjú sí wọn díẹ̀díẹ̀. Màmá bọ́ dígí ojú wọn.

“Èmi ni,” ni Màmá wí. “Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ń wọ̀n ọ́n, á wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan.”

Irọ́ nìyẹn náà. Mo mọ̀. Mo lè kà.

“Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà yín, ẹ ò sọ fún mi?”

Màmá gbé Bíbélì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Àǹtí yọ wáyà lára ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e fún mi láìwò mí. Mo di aṣọ náà mọ́ Màmá lápá, mo tẹ bọ́tìnì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án lórí méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde.

Màmá wo ìwé náà títí. Wọn ò gbé ọwọ́ lé e.