Ẹ́ńjìnnì Tí A Kò Dán Wò

Òórùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ títí di òní bí mo bá gba etí ọ̀sà kọjá: òórùn ẹrẹ̀ tí omi ti fà kúrò lórí rẹ̀, tó dà pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù àti ọ́ìlì, pẹ̀lú eruku sìmẹ́ńtì tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Bí o bá gbé Ajégúnlẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé ogun abẹ́lé, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, òórùn oúnjẹ ni, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Èmi àti ọkọ mi la ni ọkọ̀ tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù sọdá omi láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Àpápá. Má rò pé ọkọ̀ gidi ni o! Àgbá epo ńláńlá ni ọkọ mi so pọ̀, ó tẹ́ pákó lé e lórí, ó fi igi ṣọgbà yí i ká kí èrò má baà ré sómi, ó wá gbé ẹ́ńjìnnì kan kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Òun ló ń wà á, èmi ló ń gba owó, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́kọ̀ nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo ṣì wà lẹ́yìn mi.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ní ohùn tirẹ̀. Bí o bá fa okùn rẹ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá máa súfèé, torí páìpù èéfín rẹ̀ ti lu, ọkọ mi sì ti gé agolo mílíìkì, ó fi wáyà dè é mọ́ ojú ibi tó lu. Àwọn èrò máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Ọlọ́kọ̀, ẹ ra oògùn ikọ́ fún ẹ́ńjìnnì yín o!" Ṣùgbọ́n ìfé yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé a ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, kálukú á gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, wọ́n á tò sétí omi dè wá.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wúkọ́, kò súfèé. Ọkọ mi fa okùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, pàbó. Ta ni à bá tún ké sí bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin? Ọmọ ìyá mi ni wọ́n, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lójú Màlúù Róòdù. Ìgbà tí bàbá wa kú, àwọn ló rán mi níléèwé, àwọn náà ló sì fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Nítorí náà ọkọ mi kì í wo ojú wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà sórí àpò, wọ́n wo ibí, wọ́n wo ọ̀hún, wọ́n mi orí. "Àbúrò mi, eléyìí ti kú. Irin lásán ló kù."

Ó di pé ká wá òmíràn, owó kò sì sí. Àwọn tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpápá, lẹ́yìn gíláàsì, ojú lásán la fi kí wọn. Lẹ́yìn náà la rí bàbá Ìlàjẹ kan tó fẹ́ fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tiwọn kéré, ó burẹ́wà, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí tán, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sínú àgbá omi lójú wa, wọ́n ní, "Ẹ fa okùn yẹn fúnra yín." Ọkọ mi fà á lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀rọ̀. Ó lóṣòó tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ìgbà téèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kékeré ni, ṣùgbọ́n àgbá kì í sáré. Èyí tó máa rọra tì wá la fẹ́." Owó wa ká a, yóò tilẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ́ìlì.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ìṣeré ọmọdé wo nìyẹn, ṣé èyí tó máa kú sí wa lọ́wọ́ la fẹ́ rà? Wọ́n ní àwọn ti bá wa wá ọ̀kan. Wọ́n ṣí tápólì kúrò lórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn: ẹ́ńjìnnì gàgàrà, ọ̀dà búlúù rẹ̀ ń dán, wọ́n ní òyìnbó kan tó padà sílùú rẹ̀ ló fi ń ṣe fàájì. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa ni wọ́n ní ká mú wá, àti àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Wọ́n ní, "Màá bá yín gba òkú ẹ́ńjìnnì yín àtijọ́ yẹn fi dí owó tó kù, kí n tà á fún àwọn onírin."

Ọkọ mi yí etí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sínú omi, ká ṣáná sí i wò."

Ẹ̀gbọ́n mi mú àkísà kan. Wọ́n ń nu ìka wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọ́n sì ń wò, wọn kò wo ọkọ mi. "Ṣé èmi lo fẹ́ dán wò, àna mi? Èmi tí mo fa àbúrò mi lé ọ lọ́wọ́, tí n kò bi ọ́ pé kí lo ní lápò?"

Ó parí. Ìwọ náà mọ àṣà ilé wa. Ọkọ wo ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àna rẹ̀ tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Ọkọ mi nà gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dìde, dìde, kò tó ìjà." A san owó, a sì gbé ẹ́ńjìnnì búlúù lọ sílé. Tìdùnnú-tìdùnnú ni mo fi ń tẹ̀lé wọn, mo ń wò ó pé, ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run fi ṣe ẹ̀gbọ́n fún mi.

Oṣù kan kò pé. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni, ọkọ̀ kún fọ́fọ́, a dé àárín omi, ẹ́ńjìnnì búlúù han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì dákẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ síbi tí ọkọ̀ òkun kan so ṣéènì rẹ̀ sí. Mo di ọmọ mi mú, mo ń pe Jésù. Àwọn ọkùnrin ya igi ọgbà ọkọ̀ wa, wọ́n fi ń wa ọkọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún wa, Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣẹ mọ́ wa lára. Ọkọ mi tú ẹ́ńjìnnì náà, iyọ̀ omi òkun ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà nìkan ló jẹ́ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ní a kò po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ dáadáa ni. Owó kò sí lọ́wọ́ mọ́, bàbá Ìlàjẹ sì ti ta tiwọn. A wọ́ ọkọ̀ wa gun orí ẹrẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ mi wà létí omi, ó ń ha ìpẹtà ara àgbá, mo ń fọ aṣọ ọmọ. Mo gbọ́ tí nǹkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló súfèé. Ọkọ mi gbé ọ̀bẹ tó fi ń ha àgbá sílẹ̀, a wo ara wa. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ tuntun kan yọ, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ ti di pupa, ṣùgbọ́n agolo mílíìkì wa ṣì wà lára páìpù rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tí ọkọ mi fi dè é. Àwọn èrò wa ti tò sétí omi, ìfé ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi jáde. Ọ̀kan nínú wọn ń juwọ́ sí mi: "Ìyá Ọlọ́kọ̀, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun o!" Ẹni tó ń wà á bọ́ fìlà, ó kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, kò mọ nǹkan kan. "Madam, good morning o! Na your broda get am. Oga say make I dey greet una."

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Màlúù Róòdù pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òkú ló jí ni?" Wọn kò gbójú sókè. "Ẹ ti tà á fún mi. Mo tún un ṣe, ó di tèmi." Mo ní, "Ẹ ní irin lásán ni." Wọ́n ní, "Nígbà yẹn, irin lásán ni." Wọ́n wá rán ọmọṣẹ́ wọn kó ra ọtí mínírà fún mi, bí àlejò. N kò ṣí i. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí ju bí ẹni pé olè wọlé lọ, torí olè kò mọ orúkọ ìyá mi.

Ọkọ mi lọ gba iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní wọ́ọ̀fù. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń wọ̀ lọ. Ẹni tó ń wà á ní àna ọ̀gá kò gbọdọ̀ sanwó, ọkọ mi kọ̀, ó ń san án. Àbí o ò gbọ́ nǹkan, èèyàn ń sanwó láti wọ ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó padà dé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ó ní agolo yẹn ti dípẹtà, òun ti bá wọn gé òmíràn sí i. Mo fò sókè. "Ṣé orí rẹ pé ṣá? O tún ń bá wọn tún un ṣe?" Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fi ti àkọ́kọ́ síbẹ̀. Bó bá já, èéfín gbígbóná yẹn ló máa jó ẹni tó jókòó tì í. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Ní Kérésìmesì ọdún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ dání. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ń retí. Mo dúró.

"Àbúrò mi, ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, sà. Kò dùn mí."

Mo gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ní ìdúró, mo dúpẹ́, mo gbé oúnjẹ fún wọn, mo ń fi 'ẹ' bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe títí ọdún fi ń gorí ọdún. Ọkọ mi ní kí n dárí jì wọ́n, mo sì ti dárí jì wọ́n, mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú pẹpẹ ni mo ń kúnlẹ̀ fún, ẹ̀gbọ́n yẹn ni wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tà pẹ̀lú irin lásán ní Màlúù Róòdù. Títí tí a fi sin wọ́n, n kò kúnlẹ̀ fún wọn mọ́.