Hóró Funfun Inú Ẹ̀rọ

Ìyá Tún-un-wò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, ó sì lè fi gbólóhùn kan mú kí géńdé onírùngbọ̀n máa làágùn. Ìwé ni àwọn olùkọ́ yòókù ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di apòògùn. Òun ló ń kọ́ wọn ní ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kí wọ́n má baà dé ilé iṣẹ́ oògùn kí wọ́n wá máa wò suu.

Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀. Tábìlì irin kan wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n kan, páálí ìbọ̀wọ́, àti ẹ̀rọ kan láàárín tó ń fún ìyẹ̀fun pọ̀ di hóró. Kò sí oògùn kankan nínú ìyẹ̀fun náà. Wọ́n kàn pa á láró yẹ́lò fún ìdánrawò ni. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́, hóró yẹ́lò nìkan ló ń ṣe.

Òfin kan ṣoṣo ló ní. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ẹnì kan á tú u wò látòkè délẹ̀, bóyá hóró àná ṣẹ́kù síbẹ̀, á sì fọwọ́ síwèé. Ẹlòmíràn, tí wọ́n ń pè ní ojú kejì, á tún un wò, òun náà á fọwọ́ sí i.

"Ojú kejì tí ò wò," ni Ìyá Tún-un-wò máa ń wí, "afọ́jú tó mọ̀wé kọ ni." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Ó ní ìdí rẹ̀. Òun àti ẹ̀rọ náà ti mọra tipẹ́. Nílé iṣẹ́ oògùn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìdínlógún ni ẹ̀rọ náà wà tẹ́lẹ̀, kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé tí ilé ẹ̀kọ́ sì rà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó rí ibi tó tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tí òun ṣẹ̀.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Onígíláàsì, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, oògùn ọkàn, hóró funfun, ni wọ́n ṣe; lọ́jọ́ kejì, fítámì àwọn ọmọdé, hóró yẹ́lò, ló kàn. Onígíláàsì tú ẹ̀rọ wò tán, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gíláàsì ojú mi fọ́ láàárọ̀ yìí. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó dáadáa." Ebi ń pa Ìyá Tún-un-wò, àsìkò oúnjẹ sì ti tó. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fọwọ́ síwèé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ kan gbé hóró funfun kan tó bọ́ sáàárín fítámì náà mì, ó sùn, kò jí mọ́. Nígbà tí wọ́n ń wádìí, Ìyá Tún-un-wò búra pé òun wò ó. Onígíláàsì ni wọ́n lé. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní apọmọ títí ó fi kó lọ, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá ń dẹ́rù ba Ìyá Tún-un-wò nìyí. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, hóró funfun kan á wà lábẹ́ àgbá tó ń yí láàárín ẹ̀rọ náà. Ìyá Tún-un-wò á tètè gbá a mú, á sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Èérún ṣọ́ọ̀kì ni, ẹ má kọ ọ́," á sì jù ú sínú agolo kan tó fi téèpù dì pa, tó kàn lu ihò tóóró sí lórí. Á gbọ́ "kó" nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọdún méje, ìgbà méje.

Lọ́dún kẹjọ, ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ oògùn ńlá wá jókòó ti ìdánwò náà. Ó ti ṣèlérí pé òun á gba gbogbo ọmọ tó bá yege síṣẹ́. Ọmọ Télọ̀, ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú wọn, ló ń tú ẹ̀rọ wò. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àgbá, ó dúró sójú kan.

"Màmá, ẹ wò ó. Funfun ni. Ó tutù gan-an."

Ìyá Tún-un-wò ti na ọwọ́. Iná kò sí lára ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ àgbá náà yí díẹ̀, ó sì dúró.

"Ṣé kí n kọ ọ́, Màmá?"

Tí Ọmọ Télọ̀ bá kọ ọ́, ọ̀gá á bi wọ́n pé níbo ló ti wá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á sì jáde. Tí kò bá kọ ọ́, irọ́ ni ọmọ yìí á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bíi tòun gẹ́lẹ́. Ojú ń tì í.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ló wí. Ó gbé agolo náà síwájú ọ̀gá. "Méje mìíràn wà nínú eléyìí. Èmi ni mo fi wọ́n pamọ́."

Ọ̀gá yẹ téèpù náà wò. Kò sí ibi tó ṣí. Ó já a, ó da agolo dojú dé. Nǹkan kan kò jábọ́.

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

Ìyá Tún-un-wò wo hóró tó wà lọ́wọ́ Ọmọ Télọ̀, ó sì yé e. Kì í ṣe méje, kì í ṣe mẹ́jọ. Ẹyọ kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún, èyí tí ọmọ tó kú yẹn gbé mì.

Ó gba tọ́ọ̀ṣì. Ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó pẹ́ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú bírò, ó fọwọ́ síbi tí wọ́n kọ ojú kejì sí. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ Onígíláàsì ní kíkún, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: "Ó bẹ̀ mí kí n wò ó. Mi ò wò."