Òkúta Ààlà Oko Issaba

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè máa ń dá mi padà sí Issaba, sí oko ọ̀pẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Aládùúgbò oko rẹ̀ ní ìlà ọ̀pẹ mẹ́wàá níbẹ̀ jẹ́ tòun. Òkúta símẹ́ńtì tí wọ́n fi pààlà láyé àtijọ́ ti rì sábẹ́ ilẹ̀. Nọ́ńbà ibi tó wà nìkan ló kù lórí ìwé. Bí a kò bá rí i, ìlà mẹ́wàá lọ nìyẹn.

Wọ́n pe awọnlẹ̀ kan wá láti Sakété, ọkùnrin tí oyè ara káàdì rẹ̀ gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà nìkan ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbọ́, imọ̀ ọ̀pẹ sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mọ́ ọn lójú. Ó tọ́ka síhìn-ín, ó tọ́ka sọ́hùn-ún. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, tí ìgbéraga kò jẹ́ kí ọrùn mi yí, gbé kọ̀ǹpútà tí mo so eríàlì mọ́ jáde. Ètò tí mo kọ sínú rẹ̀ ń gbọ́ ti Amẹ́ríkà, ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà pọ̀. Faransé ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀, kó má baà yé ẹnikẹ́ni. Ni kọ̀ǹpútà bá ní ibi ìwakùsà ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Onigbolo la wà.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni awọnlẹ̀ wí, “ṣé ká lọ gbẹ́lẹ̀ nílé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ni?”

Ẹ̀rín sọ. Mo mọ ohun tó ṣe mí: aago ni sátẹ́láìtì fi ń sọ ibi tí a wà, aago àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bára mu, mo sì ti fipá mú àwọn yòókù tẹ̀lé ti Amẹ́ríkà. Mo rojọ́ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó dúró tì wá; gàrí ló máa ń tà lọ́jà Pobè.

“Kí ló wá le níbẹ̀?” ló bi mí. “Kóńgò tí àwọn ará Nàìjíríà fi ń wọn gàrí kò bá tòngóló tiwa dọ́gba. Ṣé mo ń bá wọn jà ni? Mo ń wo iye tí ti oníkálukú fi ju tèmi lọ, mo sì ń yọ ọ́ kúrò.”

Mo jókòó sórí kùkùté, mo tún ètò náà kọ, kó lè máa wá ìyàtọ̀ aago kọ̀ọ̀kan bó ti ń wá ibi tí a wà. Nọ́ńbà náà dúró sójú kan, lẹ́yìn ìlà kẹwàá, lápá ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Mo gbé ọkọ́ láti gbẹ́ ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà kẹrin tó sọ ọ́ sílẹ̀, ó dún kọ̀ọ́! Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí òkúta.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwé ẹ̀rí pọ̀ lára ògiri mi. Ìró ọkọ́ yẹn nìkan ló mú mi gbà pé mo kàwé.