Rhimou, Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Mọ Èèyàn

Bí Rhimou bá pàdé rẹ lọ́jà ìlú Tetouan tí kò kí ọ, má bínú. Kì í ṣe ìgbéraga. Ojú rẹ ni kò mọ̀. Yí ẹ̀yìn sí i díẹ̀, wàá gbọ́ tí yóò pariwo pé, "Háà! Ìyàwó aránṣọ! Ṣé èjìká tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀?" Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń fọ ẹ̀yìn àwọn obìnrin nínú ilé ìwẹ̀ àdúgbò, nínú ooru tó ń mú kí ògiri pàápàá máa làágùn. Ó mọ ẹ̀yìn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó mọ ẹ̀yìn ẹni tí ìyá ọkọ ń yọ lẹ́nu. Ojú ló máa ń purọ́, bó ṣe máa ń wí nìyẹn, ẹ̀yìn ò mọ irọ́ pa.

Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Sanae, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Garawa omi gbígbóná ló fi tọ́ ọmọ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi jáde ilé ìwé girama. Nígbà tí Sanae pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú gba obìnrin mẹ́ta pé kí wọ́n wá máa wakọ̀, òun sì wà nínú wọn. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Martil létí òkun ni wọ́n fún un. Ó ti wà á fún oṣù mẹ́jọ báyìí.

Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà bá bi Rhimou pé iṣẹ́ wo ni Sanae ń ṣe, "Ó wà nílé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì," ni yóò dáhùn. Kí onítọ̀hún tó béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, Rhimou á ti da garawa omi lé e lórí. Ta ló fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi? Báyìí ni gbogbo ilé ìwẹ̀ ṣe gbà pé ọ́fíìsì ni ọmọ náà wà, lẹ́yìn tábìlì.

Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi òróró ólífì sè, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ni wọ́n ń fi wẹ̀ níbẹ̀, ti Alhaji Mfeddal ló sì lókìkí jù. Ọkùnrin náà gbọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, á gbé ike ọṣẹ ńlá mẹ́ta fún Rhimou lọ́fẹ̀ẹ́, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo obìnrin tó ń fọ ẹ̀yìn nílùú, torí ọṣẹ tí wọ́n bá fi pa ẹ̀yìn rẹ lónìí ni wàá rà lọ́la. Lẹ́yìn èyí, ó tún ń polówó lórí rédíò, nínú ètò òwúrọ̀ tí gbogbo ìlú ń gbọ́. Orin ọṣẹ rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà, òun náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Anouar ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣe ètò ọ̀hún. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe, àmọ́ obìnrin nìkan ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ń dá lé: ìyá ìyàwó, opó, obìnrin tó sanra, obìnrin tó gbẹ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Rhimou náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ọjọ́ Wẹ́sidé kan. Khaddouj, tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, yí rédíò rẹ̀ sókè kí àwọn tó wà nínú ooru lè gbọ́. Anouar ti ń dá wọn lára yá.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí àwọn obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì? Èmi ò mọ̀ pé Ọlọ́run máa ń gbàgbé nǹkan o! Ọkùnrin ni wọ́n, irùngbọ̀n ló gbàgbé láti fún wọn. Ta ló máa fẹ́ wọn? Àbí ọkọ láá wà lẹ́yìn ọkọ̀, táá máa já tíkẹ́ẹ̀tì?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín nínú ooru. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan pe ètò náà lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ náà ni mí. Oṣù mẹ́jọ rèé, n ò tíì fi bọ́ọ̀sì kọlu ológbò rí."

Ọwọ́ Rhimou dúró gbagidi lẹ́yìn oníbàárà. Ohùn Sanae ni.

"O káre láéláé!" Anouar ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ ń ṣe, tí kò fi ráyè kọ́ ọ nílé?"

"Ó ń fọ ẹ̀yìn àwọn èèyàn nílé ìwẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ mi."

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ìyá ń fọ ìdí onídìí, kò ráyè fọ orí ọmọ tiẹ̀! Ẹ gbé orin sí i, jàre!"

Orin sì wọlé: "Ọṣẹ Mfeddal, kò sí ìdọ̀tí tó lè dúró dè é!"

Ìyàwó aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Sanae, ṣé Sanae tiwa nìyẹn?"

Rhimou gbé garawa sókè, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò rí ẹni tí ì bá dà á lé lórí.

Nígbà tó délé, Sanae jókòó, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn náà ti tẹ̀, èjìká méjèèjì ti wálẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù wà lórí ìṣó lára ògiri.

"Mo ti gbààyè títí di Sọ́ńdè," ni ọmọ wí. "Bí n ò bá yọjú láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì. Kí wọ́n gbé e fún un."

Inú bí Rhimou. Ó ṣépè fún Anouar, ó ṣépè fún ahọ́n rẹ̀, ó ṣépè fún eyín tó yí ahọ́n náà ká. Sanae jẹ́ kó ṣépè tán.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ohun tó sọ lórí rédíò, ṣebí ohun tí ẹ̀yin ń rò nínú ilé ni? Ẹ ò tíì wọ bọ́ọ̀sì mi rí. Ọ́fíìsì lẹ fi mí sí lẹ́nu yín. Nígbà tó bi mí pé iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ṣé mo pè yín ní akọ̀wé?"

Ojú ti Rhimou. Ojú tì í ju ti òwúrọ̀ lọ, torí ti òwúrọ̀, ẹlòmíì ló fà á, èyí sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Tọ́sidé ni èrò máa ń pọ̀ jù nílé ìwẹ̀. Rhimou dúró sáàárín wọn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kànrìnkàn lọ́wọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná. Sanae mi ò sí ní ọ́fíìsì kankan. Dẹ́rẹ́bà ni. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ Martil ló ń wà. Èmi ni mo ń fi í pamọ́ fún yín, n ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Ṣé àwa ò mọ̀ ni?" ni ẹnìkan wí láti igun. "Mo ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ ń da omi lé wa lórí, a bá yáa dákẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Rhimou náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Ìgbà tó nu ojú tán ló gbé ike ọṣẹ Mfeddal mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n síta lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọṣẹ tó ń bọ́ Anouar ò ní kan ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni mọ́ látọwọ́ mi. Ẹni tó bá ní ọṣẹ nílé kó mú un wá. Ẹni tí kò bá ní, kó fi omi lásán wẹ̀, kò ní kú."

Ìyàwó aránṣọ ò tíì wọṣọ tán tó fi mú fóònù. Ó fi ohùn Anouar, èyí tí rédíò ti gbé sórí ayélujára, ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, sí àbúrò, sí gbogbo ẹni tó ti rán aṣọ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀yìn láwọn ilé ìwẹ̀ yòókù gbọ́. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ fi máa wọ̀, ike ọṣẹ Mfeddal ti wà níta lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ mọ́kànlá.

Anouar ò tíì gbọ́n. "Mo gbọ́ pé àwọn a-fọ-ẹ̀yìn ń bínú sí mi," ló wí láàárọ̀ Sátidé. "Ṣé kí n wá wẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Alhaji Mfeddal sáré dé. Àsìkò àwọn obìnrin ni, ọkùnrin ò sì gbọdọ̀ kọjá aṣọ ìkélé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ rẹ̀ tó ti ń yọ́.

"Lalla Rhimou, ìyá wa! Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀!"

Khaddouj yí ojú sínú. "Ó ní òun kọ́ ló sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, adití kọ́ ni mí. Bi í pé ta ló ń fún ẹnu tó sọ̀rọ̀ lóúnjẹ."

"Ó ní ta ló ń fún ẹnu..."

"Èmi náà gbọ́!" Alhaji fi aṣọ nu òógùn. "Mo ti bá wọn ṣàdéhùn títí dópin ọdún! Rédíò ló ń polówó ọjà mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Aṣọ ìkélé ṣí díẹ̀. Ọwọ́ kan yọ jáde láti inú rẹ̀, ó rin fún omi, ó pọ́n, ooru ti hun awọ ìka rẹ̀ jọ.

"Alhaji, ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa. Rédíò ò lọ́wọ́. Ta ló ń polówó ọjà yín?"

Alhaji wo ọwọ́ náà. Ibi tó ti ń rò ó ni ohùn mìíràn ti ké látinú ooru.

"Alhaji! Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn mi gbẹ síbí ni? Ẹ gba ohun tí wọ́n wí, kí wọ́n padà wá parí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára mi!"

Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọjọ́ Sátidé lòun máa ń wá wẹ̀. Ẹ̀rín tó sọ nínú ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró gbọ́ ọ. Alhaji gbá orí mú, ó mú fóònù, ó sì pe rédíò níbẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú Khaddouj gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kò fẹ́ kí orin òun bá Anouar jáde mọ́.

Nígbà tí oníbúrẹ́dì kan tó ń polówó nínú ètò náà gbọ́, òun náà yọ ìpolówó tiẹ̀. Ẹni tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e, torí ta ní ń ra àga bí kò ṣe obìnrin? Ó di ọjọ́ Sọ́ńdè, kò ku ẹyọ ìpolówó kan. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ rédíò náà pe Anouar, ó ní kó tọrọ àforíjì láàárọ̀ Mọ́ńdè tàbí kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ.

Rhimou gbé gbogbo ìròyìn yìí délé pẹ̀lú ayọ̀. Ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà sílẹ̀, ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ẹ̀yìn ìyàwó Alhaji. Sanae rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àmọ́ kò wo apá ibi tí aṣọ iṣẹ́ wà.

"Mo sọ fún wọn," ni ìyá wí níkẹyìn. "Mo ní dẹ́rẹ́bà lọmọ mi. Lọ́la, agogo méje, èmi á dúró nídìí igi níbi tí bọ́ọ̀sì Martil ti ń gbérò. Bí ìwọ bá wà nínú rẹ̀, màá wọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíì bá wà níbẹ̀, màá padà sílé."

Sanae kàn ń fi búrẹ́dì nu àwo. Nígbà tí Rhimou jí láàárọ̀, ọmọ ti jáde, ìyá ò sì rántí wo ìṣó ara ògiri kó tó sáré jáde tẹ̀ lé e.

Aṣọ ọdún rẹ̀ ló wọ̀, ó sì dúró nídìí igi. Bọ́ọ̀sì yọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Oòrùn ń kọ mànà lára gíláàsì iwájú, kò jẹ́ kó rí ẹnikẹ́ni. Ó sún mọ́ tòsí, ó dúró, ilẹ̀kùn ṣí.

"Màmá, ẹ gòkè kíá, mo ti pẹ́."

Rhimou gòkè. Ó na owó ọkọ̀, Sanae ní kó fi sílẹ̀, ìyá ní rárá o, òun fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tòun. Ó gbà á, ó ká a, ó fi sí àyà.

Ìyá àgbà kan láti orí òkè, tó dé fìlà koríko ńlá, rọra fọwọ́ kàn án. "Ta ni ọmọbìnrin tó ń wà wá yìí?"

"Ọmọ mi ni!" ni Rhimou ké, débi pé àwọn tó ń sùn lẹ́yìn jí. "Sanae ni. Èmi ni mo bí i!"

Àsìkò yẹn náà ni rédíò ọkọ̀ gbé ohùn Anouar jáde, ohùn náà rẹlẹ̀ bí ti ọmọ iléèwé tí wọ́n bá wí. Ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ń bẹ Sanae àti ìyá rẹ̀, kí Sanae jọ̀ọ́ pe òun báyìí, kí gbogbo ìlú lè gbọ́.

"Sanae! Ṣé o gbọ́?" ni àwọn èrò ń pariwo. "Pè é! Pè é!"

"Mo ń wakọ̀," ni Sanae dáhùn, kò gbójú kúrò lójú títì. "Kó dúró."

Ọkọ̀ hó yèè. Rhimou nìkan ni kò pariwo. Orí àga àkọ́kọ́ ló jókòó sí, lẹ́yìn awakọ̀ gan-an, ó sì ń wo ẹ̀yìn tó wà níwájú rẹ̀ nínú aṣọ búlúù. Ó gbòòrò, ó nà ró, kò tẹ̀ síbì kankan. Ó wò ó títí òkun fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo ẹ̀yìn ìlú ló mọ̀, ọ̀kan yìí ló ṣẹ́kù tí kò tíì wò rí lẹ́nu iṣẹ́.