Ẹni Tó Gé Ọpọlọ Yẹn

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, níbí ní Ìlọrin, mo tọrọ orí àgbò Iléyá káàkiri agboolé wa. Ìyá mi àgbà bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ fi ọpọlọ àgbò kún tìẹ ni?" Gbogbo ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní orí mẹ́rin. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìṣẹ́po tí ojú ń rí lára ọpọlọ bá bí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣe tò mu.

Baba tó ń tọ́jú láàbù ló kọ́ mi ní gígé. Ìwé mẹ́wàá péré ni wọ́n kà, wọn ò dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i ní ìdúró. Wọ́n ní èèpo òde ọpọlọ máa ń nípọn ní orí ìṣẹ́po, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ ní ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi méjèèjì kò sì tò bákan náà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀bẹ bá fì sí ẹ̀gbẹ́, irọ́ lèèyàn máa rí, ibi tó fẹ́lẹ́ á dà bí èyí tó nípọn, bí ègé iṣu tí a fi ọ̀bẹ gé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí Baba fi máa ń fi yíǹkì dúdú fa ilà tí ọ̀bẹ máa tọ̀ sára ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ tó kàn án, ilà náà sì máa ń hàn lábẹ́ míkírósíkóòpù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí Baba lọ kírun, mi ò ní sùúrù. Mo gé ọpọlọ náà fúnra mi, mi ò fa ilà kankan. Mo ti ka ìwé méjì, mo ti rò pé mo di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ náà síwájú àwọn olùkọ́, ìsàlẹ̀ kòtò nípọn ju orí ìṣẹ́po lọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi jágbe mọ́ mi pé, "Ta ló gé ìranù yìí?"

Mo ní, "Baba ni, sà."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkùnrin yẹn ti ń wá ẹ̀sùn sí Baba lẹ́sẹ̀, torí Baba máa ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe níṣojú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Baba fojú sí míkírósíkóòpù, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sí ilà lára rẹ̀, ọ̀gá. Ẹ wá wò ó." Wàlláhì, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ká ní ó wò ó ni, ì bá mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Baba. Baba gbójú sókè, wọ́n wò mí. Mo wolẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé Baba kúrò ní láàbù lọ síbi tí wọ́n ń kó àga ìdánwò pamọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n tún un gé, mo sì yege.

Oṣù tó kọjá ni mo tó wá wọn lọ sílé wọn ní àdúgbò Basin. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo gé e.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Inú bí mi sí wọn. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ nígbà náà.

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí ọkùnrin tí kò wò ó. Èmi tí mo mọ̀ láìwò ńkọ́?